Àgbàdo TELA lóko Ìkẹ́nnẹ́: ẹ rà á, kí ẹ sì fi igun kan sílẹ̀ fún kòkòrò

Ẹni tó bá ti ń gbin àgbàdo ní Rẹ́mọ láti ọdún 2016 mọ ohun tí ojú wa rí. Ọdún yẹn ni kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fall armyworm wọ ilẹ̀ Áfíríkà láti Amẹ́ríkà, apá ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, sì wà lára ibi tí àwọn onímọ̀ IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ti kọ́kọ́ kéde rẹ̀. Kí ọdún 2018 tó parí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Nísinsin yìí irúgbìn kan ti dé tí wọ́n ní kòkòrò náà kò lè jẹ ẹ́ yè, TELA ni wọ́n ń pè é. Mo ti gbìn ín nígbà òjò àkọ́rọ̀, mo ti gbìn ín nígbà àrọ̀kúrò, ọ̀pọ̀ nínú yín sì ti ń bi mí pé ṣé ó dáa. Ó dáa. Ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní yóò ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ fún ẹni tó ń rà á, bí a kò bá sì ṣe nǹkan ọ̀hún, irúgbìn yìí yóò bàjẹ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó jẹ́. TELA kì í ṣe orúkọ àgbàdo kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ìwádìí ni, AATF, àjọ ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní Nairobi, ló ń darí rẹ̀, Institute for Agricultural Research ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Samaru, Zaria, ló sì ṣe ti Nàìjíríà. Àjọ NBMA, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa ṣọ́ irú nǹkan báyìí, fọwọ́ sí i ní 2021. Níbẹ̀rẹ̀ 2024 ni wọ́n wá forúkọ oríṣi mẹ́rin sílẹ̀ fún àgbẹ̀: SAMMAZ 72T, 73T, 74T àti 75T. Wọ́n ní ó bá ilẹ̀ igbó bíi tiwa mu, ó sì bá ilẹ̀ ọ̀dàn òkè Ọya mu. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n kó sínú rẹ̀: kó lè fara da ọ̀dá, kó sì pa kòkòrò tó ń jẹ ewé àti èyí tó ń gbẹ́ inú igi àgbàdo. Ti ọ̀dá, n kò ní í sọ púpọ̀, òjò Rẹ́mọ kì í jẹ́ ká rí ibi tá a ti máa dán an wò. Ti kòkòrò ni mo rà á fún.

Mo ti fi iṣẹ́ àgbẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní girama kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo mọ ibi tí agbára tó ń pa kòkòrò yìí ti wá. Bakitéríà kan ló ń gbé inú ilẹ̀, Bacillus thuringiensis, Bt ni gbogbo ayé ń pè é. Ishiwata, ará Japan, ló kọ́kọ́ rí i ní 1901 lára kòkòrò sílíìkì tó ń kú. Ní 1911, Berliner ará Jámánì rí i lára àfòpiná inú ìyẹ̀fun tó wá láti Thuringia, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Àwọn àgbẹ̀ ti ń fín Bt sí ewébẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbé apá kan rẹ̀ sínú irúgbìn. Bí ìdin àfòpiná, irú èyí tí armyworm jẹ́, bá jẹ ewé tó ní in nínú, protein tí Bt ń mú wá á yọ́ nínú ìfun rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ara ìfun, á dá ihò sí i lára. Kò ní í lè jẹun mọ́, kò sì ní í pẹ́ tí yóò kú. Kíkan ni omi inú ikùn àwa ènìyàn, ti ìdin yẹn kì í kan, ara ìfun tiwa kò sì ní ibi tí protein ọ̀hún lè lẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo fojú rí lóko nìyí. Tí àgbàdo bá ti tó orúnkún, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n fi ìka méjì ya ewé àárín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lára àgbàdo tí a ń gbìn tẹ́lẹ̀, ohun tí n óò bá níbẹ̀ ni ìgbẹ́ kòkòrò, ó tutù, ó pọ́n rúsúrúsú, bí ìyẹ̀fun igi tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. N óò tú u kúrò, n óò wá rí ọ̀gá fúnra rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa: ìlà funfun wà níbẹ̀ tó dà bíi lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò. Ẹ wo ìdí rẹ̀: àmì dúdú mẹ́rin, tí igun wọn dọ́gba. Bí ẹ bá rí méjèèjì, armyworm ni, kì í ṣe kòkòrò mìíràn. Nígbà tí ó bá sì ti wọlé jìnnà báyẹn, oògùn tí a fín sókè kì í sábà bá a níbẹ̀.

Lára TELA, ohun tí mo rí yàtọ̀ pátápátá. Àfòpiná náà kò mọ̀ pé ewé yìí yàtọ̀, ó wá yé ẹyin rẹ̀ sí i, ẹyin jọ sójú kan, irun rẹ́súrẹ́sú bò ó. Àwọn ọmọ yọ, wọ́n họ ojú ewé díẹ̀, wọ́n dá ihò tíntìntín sí i. Lẹ́yìn náà, ó parí. Ewé tó yọ tẹ̀lé e ń jáde ní kíkún, kò fàya, kò ní ihò. Mo ya àárín rẹ̀, mo bá ìdin kékeré kan tí kò gùn tó èékánná ọmọdé, ó ti dúdú, ó ti gbẹ. Mo pe ẹ̀gbọ́n tí oko wọn bá tèmi pààlà, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Tíṣà, ẹ tún ya òmíràn." A ya òmíràn, a tún ya òmíràn, kò sí ìyàtọ̀.

Ibi tí owó ti wọlé gan-an ni ẹnu ọmọ àgbàdo. Ìyá tó máa ń kó àgbàdo tútù lọ́dọ̀ mi lọ sí Ṣàgámù, níbi tí wọ́n ti ń bọ̀ ọ́ fún àwọn tó ń kọjá ní ojú títì márosẹ̀, kì í sanwó láì kọ́kọ́ bó háríhá ẹnu rẹ̀ wò. Tí kòkòrò bá ti jẹ orí ọmọ àgbàdo, ó ń sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, èyí tó bá sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, adìẹ ló ń jẹ ẹ́. Nígbà tí ó débi tí TELA wà, ó bó, ó tún bó, kò rí nǹkan kan sọ dànù. Ó kó gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó tún padà wá, ibi tí àgbàdo yẹn wà ló kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àgbàdo tútù kí Agẹmọ tó wọ̀lú, tí ẹ mọ iye tó ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nítorí ẹnu tó jẹrà, ẹ̀yin ni irúgbìn yìí bá mu jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo oògùn tí n kò rà. Emamectin la ń lò níbí, àwọn mìíràn ń lo lambda. Àwọn àgbàlagbà ń bu eérú tàbí iyanrìn sí àárín ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún éékà méjì? Ọmọkùnrin tó ń bá wa fín oògùn kì í fi nǹkan bo imú, sálúbàtà ló ń wọ̀, oògùn á máa kán sí i lẹ́yìn láti ara ẹ̀rọ tó gbé kọ́. Mo ti bá a wí títí, mo ti ra ìbọ̀wọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí. Tí mo bá ń ka àǹfààní irúgbìn yìí, ti ọmọ yẹn ni mo ń kọ́kọ́ kà ṣáájú owó.

Ẹ má rò pé kò ní àbùkù. Ó wọ́n, ó wọ́n ju irúgbìn tí a mọ̀ lọ, ọdọọdún lẹ ó sì máa rà á. Ọ̀yà ń gé e bí ó ṣe ń gé òmíràn. Etí igbó lápá odò, ọ̀yà kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún mi. Ẹyẹ ń jẹ ẹ́. Tí ẹ bá gbẹ ẹ́, tí ẹ rọ ọ́ sápò, kòkòrò inú àpò ń lu ú, nítorí ìdin àfòpiná ni Bt inú rẹ̀ wà fún, kì í ṣe kòkòrò oníkarawun tó ń jẹ ọkà nínú àká. Wọ́n máa ń sọ pé ó lè mú tọ́ọ̀nù mẹ́wàá wá nínú hẹ́kítà kan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ní ajílẹ̀ tó pọ̀ àti ilẹ̀ tó ṣì lọ́ràá. Lórí ilẹ̀ tèmi tó ti rẹ̀, n kò rí i, n kò sì retí rẹ̀. Ohun tí TELA ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí kòkòrò gba ohun tí ilẹ̀ àti ajílẹ̀ yín bá ti fún yín.

Ẹ̀gbọ́n yẹn náà ló bi mí léèrè ohun tí gbogbo ènìyàn ń béèrè. Wọ́n ní, "Tíṣà, kòkòrò jẹ ẹ́, ó kú. Àwa wá ńkọ́? Ṣé kò ní í sọ àwọn ọmọbìnrin wa di àgàn?" Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìfun fún wọn bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lókè yìí. Mo sọ fún wọn pé láti 1996 ni wọ́n ti ń gbin àgbàdo Bt ní Amẹ́ríkà, South Africa sì ti ń gbìn ín láti 1998. Mo ní èmi àti àwọn ọmọ ọmọ mi ń jẹ ẹ́. Wọ́n gba díẹ̀ lọ́wọ́ mi, ìyàwó wọn sè é, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n ṣì ń bẹ̀rù díẹ̀, mi ò bá wọn jà sí i.

Ìbẹ̀rù tèmi wà níbòmíràn, òun ló sì jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí. Onímọ̀ kòkòrò kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gbin àgbàdo mọ orúkọ rẹ̀: Bruce Tabashnik, ti Yunifásítì Arizona. Kí irúgbìn Bt tó dé ọjà rárá, nígbà tó ṣì wà ní Hawaii, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1990 pé àfòpiná kan tí ìdin rẹ̀ ń jẹ kábééjì àti ewébẹ̀ tó bá a tan ti ń mọ́kàn le sí Bt tí wọ́n ń fín lé e lórí léraléra. Oògùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kòkòrò kò ní í borí láéláé, kòkòrò ti ń borí rẹ̀ lóko. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tó ń ṣe ni láti wá bí a ṣe lè dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dúró.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòkòrò, a lè rí ọ̀kan tí wọ́n bí pẹ̀lú agbára láti jẹ Bt láìkú. Bí gbogbo oko bá jẹ́ TELA láti igun dé igun, àwọn ẹlẹ́mìí líle bẹ́ẹ̀ nìkan ni yóò kù, ara wọn nìkan ni wọn yóò sì rí fẹ́. Ọmọ wọn á le bíi tiwọn. Kò ní í pẹ́ tí gbogbo oko yóò kún fún irú wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbin àgbàdo lásán sí apá kan oko, àfòpiná tí Bt lè pa yóò máa jáde láti ibẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, àwọn ni ẹlẹ́mìí líle náà yóò sì bá pàdé. Ọmọ tí àwọn méjèèjì bá jọ bí, TELA sábà máa ń pa á. Igun yẹn kì í ṣe ìfàsẹ́yìn fún àgbẹ̀, òun ló ń mú kí irúgbìn náà pẹ́.

Arizona ṣe é, ó sì jẹ́. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní pink bollworm ń jẹ òwú wọn níbẹ̀. Láti 1996 tí wọ́n ti ń gbin òwú Bt, wọ́n ń gbin òwú lásán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kòkòrò náà kò sì borí Bt. Láti 2006, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfurufú da àfòpiná tí wọ́n ti sọ di aláìlèbímọ sínú oko, dípò òwú lásán náà. Ní 2018 ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé kòkòrò ọ̀hún ti tán ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbin òwú lórílẹ̀-èdè náà. Kòkòrò kan náà wà ní Íńdíà, òwú Bt wọ ibẹ̀ ní 2002, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò gbin ti lásán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, kòkòrò náà ti borí oríṣi òwú Bt àkọ́kọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó borí èkejì.

Ẹni tó bá ní Íńdíà jìnnà, kó wo ilẹ̀ Áfíríkà wa. South Africa ní òfin tó dára: ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún oko yóò jẹ́ àgbàdo lásán tí a kò fín oògùn sí, tàbí ìdá ogún tí a lè fín. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò tẹ̀lé e ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ní 2007, onímọ̀ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ van Rensburg kọ ọ́ jáde pé kòkòrò tó ń gbẹ́ inú igi àgbàdo, Busseola fusca, ti ń jẹ àgbàdo Bt wọn láìkú. Armyworm fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ti ṣe irú rẹ̀ fún oríṣi àgbàdo Bt kan ní Puerto Rico.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé Rẹ́mọ kò nílò igun kankan nísinsin yìí, pé àgbàdo lásán ló yí wa ká. Òótọ́ ni, fún àsìkò yìí. Oko ẹ̀gbọ́n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi jẹ́ ti lásán látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ojú wọn lọ́jọ́ tí a ya ewé yẹn wò. Bí wọ́n bá rówó, TELA ni wọ́n máa gbìn, ẹni tó tẹ̀ lé wọn náà á gbìn ín, títí dé Ìlíṣàn àti Ìpẹru. Ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá ti gbìn ín tán kọ́ ló yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ara wa.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó wọ oko ni mo fi sílẹ̀ fún àgbàdo lásán, kì í ṣe etí igbó, kí ọ̀yà má baà pa á run. Ọjọ́ kan náà ni mo ń gbin méjèèjì, kí àfòpiná tó bá jáde níhìn-ín lè bá ti ọ̀hún pàdé lásìkò kan náà. N kì í fín Bt sí i. Kòkòrò ń jẹ nínú rẹ̀, ó ń dùn mí tí mo bá ń kọjá níbẹ̀, mo sì ń kórè èyí tó kù, a fi ń ṣe ògì nílé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti rà á, mi ò ní í dárúkọ wọn. Ọmọ tó tà á fún mi mọ̀wà hù, àpò náà dè dáadáa, káàdì àjọ National Agricultural Seeds Council tí a ń ha kí a tó rí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ẹ má ra èyí tí kò ní in. Àgbàdo jíjẹ lásán ni àwọn kan ń pa láró tí wọ́n ń rọ sínú nílọ́nù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ní ká gbin ti lásán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Màámi, ẹ ṣáà máa gbìn ín lọ, kò sí wàhálà." Kò sí ìwé kankan nínú àpò tó sọ ọ́. Mi ò bínú sí ọmọ náà, ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Àwọn tó gbé e fún un láti tà ni mò ń bá wí.

Wọn kò sì sọ fún un pé kó kìlọ̀ fún wa lórí fífi irúgbìn pamọ́. Haíbíríìdì ni TELA, irúgbìn tí wọ́n fi oríṣi àgbàdo tó yàtọ̀ síra pọ̀ mú jáde. Bí ẹ bá yan ọmọ rẹ̀ tó dáa, tí ẹ so ó rọ̀ lókè ààrò bí ìyá wa ṣe ń ṣe, tí ẹ gbìn ín lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn kan nínú rẹ̀ yóò ní Bt, àwọn kan kò ní í ní in. Ìdin á jẹ díẹ̀ lára ọ̀kan, á rọra kọjá sórí èkejì. Ìdíwọ̀n kékeré tí kò pa á yẹn ló ń kọ́ kòkòrò láti borí. Nítorí náà, ẹni tí kò bá lè rà á ní tuntun, kó padà sí àgbàdo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó má gbin ọmọ TELA.

Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń di irúgbìn yìí kò wọ́n. Kí wọ́n fi nílọ́nù kékeré àgbàdo lásán sínú àpò kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀tọ̀, kí ó má dàpọ̀ mọ́ TELA, kí àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sí i lára ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ígbò: ẹ gbin èyí sí ẹ̀gbẹ́ kan, lọ́jọ́ kan náà. Kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ fún ẹni tí kò lè kàwé. Iléeṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ ṣe é ni n óò máa ra tèmi lọ́wọ́ rẹ̀, ibi yòówù kí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Igbó.